Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo rà, mẹ́fà ló gbé mi jókòó

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Mọ́nátàn ni mò ń gbé. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ra àwo orin àtijọ́. Mo ti ní mẹ́tàlélógójì báyìí, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, bíi mẹ́rin péré ni mò ń gbọ́. Ìyókù kàn tò síbẹ̀ ni. Ṣé owó ni mò ń fi ṣòfò ni? Nínú èyí tẹ́yin náà rà láàárín ọdún kan sẹ́yìn, àwọn wo lẹ fẹ́ràn jù, kí sì ni ẹ rí lára wọn? Ohun kan ṣì kù: bàbá mi tó ṣaláìsí fi àpótí àwo kan sílẹ̀. Wọ́n kéré, wọ́n wúwo, wọ́n sì ti dọ̀tí. Ṣé mo lè fi sípíríìtì nù wọ́n?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, èyí tó o fi kẹ́yìn ni màá fi ṣáájú, torí ó ṣeé ṣe kí ìgò sípíríìtì ti wà lọ́wọ́ rẹ bó o ṣe ń ka èyí. Gbé e sílẹ̀.

Bí àwo bàbá rẹ bá wúwo lóòótọ́, tí orin kan ṣoṣo sì wà lójú kọ̀ọ̀kan, àwo 78 ni wọ́n, àwọn tó máa ń yípo nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kì í ṣe ike ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Oje kan wà tí kòkòrò ń sun sára igi nílẹ̀ Íńdíà, shellac lorúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú òkúta tí wọ́n fi tẹ àwo yẹn. Oje yìí kan náà làwọn káfíńtà máa ń yọ́ sínú sípíríìtì kí wọ́n tó fi kun àga, kó lè máa dán. Ohun tí káfíńtà fi ń yọ́ ọ lo fẹ́ fi nù ún yẹn.

Mo mọ̀ torí pé mo ti ṣe é rí. Nígbà tí mi ò tíì ju ọmọdé lọ nídìí àwo kíkójọ, ẹnì kan fún mi ní 78 àpàlà kan. Mo rọ sípíríìtì sí òwú, mo nu ojú kìíní títí ó fi ń dán bíi dígí, mo sì ń yin ara mi. Ìgbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, ohun tó jáde ò yàtọ̀ sí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ojú kejì tí ọwọ́ mi ò tíì kàn ṣì ń kọrin ketekete dòní olónìí. Ojú kìíní ti lọ ráúráú. Mo gbé àwo náà síbi tí mo ti máa ń rí i lójoojúmọ́, kí n má bàa tún gbọ́n ju ara mi lọ.

Omi lásán ni kó o lò, kó o kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sí i. Fi aṣọ rírọ̀ nù ún yíká bí abẹ́rẹ́ ṣe máa ń rìn, má fi nù ún níbùú. Má jẹ́ kí omi kan ìwé àárín rẹ̀, kó o sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Àwo ńlá tìẹ, èyí tá à ń pè ní LP, ike ni, sípíríìtì tó o bá fi omi là ò ní pa á lára, ṣùgbọ́n ti bàbá rẹ, rárá. Má sì fi abẹ́rẹ́ kan náà gbọ́ méjèèjì. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lójú 78 fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti LP, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ á kàn máa wọ́ nísàlẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí ọlọ́jọ́ pípẹ́ jókòó sí, wàá sì máa rò pé àwo ló ti bàjẹ́. Tún rántí pé bí ó bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ó máa fọ́ bí àwo ìjẹun ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó.

Mo ní ìwé kékeré kan, irú èyí tí ọmọ iléèwé fi ń ṣe ìṣirò. Àwo tí mo bá rà, mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ibi tí mo ti rà á àti iye tí mo san. Ìgbàkígbà tí mo bá wá gbọ́ ojú rẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo fa ìlà kan síwájú rẹ̀. Bí mo bá dìde láàárín, kò sí ìlà. Bí mo bá ń tẹ fóònù, kò sí ìlà. Lọ́dún tó kọjá, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo rà. Mẹ́fà péré ló ní ìlà tó ju mẹ́wàá lọ. Mọ́kànlá ò ní ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn ni pé ọjọ́ tí mo gbé wọn délé ni mo gbọ́ wọn mọ. Nítorí náà, tó bá jẹ́ òfò ni, a jọ ń ṣe é ni. Èmi kàn mọ èyí tí mo fi ṣòfò ni.

Mo da àwọn mọ́kànlá yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ń wò wọ́n. Ojú ni mo fi ra mẹ́sàn-án nínú wọn. Páálí tó dùn ún wò, orúkọ táwọn òyìnbó ń wá kiri, àwo tẹ́nì kan ti sọ fún mi pé “èyí ò sí mọ́ o”. Fẹlá kan wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú páálí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí Lemi Ghariokwu ya fún un. Owó tí mo san lé e lè ra àwo ogún, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gbọ́ ọ gbọ́ ọ títí tó fi ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata. Bó bá jẹ́ pé orin ni mò ń wá, ǹ bá ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Háílàìfù kan náà wà níbẹ̀ tí mo rà torí pé bàbá mi ò yé sọ̀rọ̀ Eddy Okonta àti Paradise, ilé ijó tó ti máa ń fun fèrè rẹ̀ níbí n’Ìbàdàn láyé ọjọ́un. Ìtàn bàbá mi ni mo rà yẹn, kì í ṣe orin. Àwọn mẹ́fà tó gbé mi jókòó ńkọ́? Etí ni mo fi ra márùn-ún. Ẹ̀kẹfà, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo rà á.

Jẹ́ kí n ti orí ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù àlòkù lápá Dùgbẹ̀ ta Ebenezer Obey kan fún mi, ọ̀kan nínú àwọn ti iléeṣẹ́ Decca, tí lẹ́tà WAPS máa ń ṣáájú nọ́ńbà wọn. Ojú ọ̀run ti ṣú, gbogbo èèyàn ń palẹ̀ mọ́, mi ò fa àwo yọ wò. Ìgbà tí mo délé ni mo fà á yọ: Àyìnlá Ọmọwúrà! Iléeṣẹ́ EMI ló ń gbé ti Àyìnlá jáde, NEMI sì ni wọ́n kọ síwájú nọ́ńbà ara ìwé àárín rẹ̀ gàdàgbà. Inú bí mi. Ó dájú pé òde àríyá kan ló ti ṣẹlẹ̀, tí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ti mu díẹ̀, tó sì gbé Àyìnlá bọ inú ilé Obey, wọ́n sì ti ń gbé bẹ́ẹ̀ láti ogójì ọdún. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ pẹ̀lú ìbínú, kí n lè sọ pé mo gbọ́ ọ.

Mi ò dìde. Àpàlà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àpàlà tó ń bẹ̀ ọ́ kó o wá jókòó. Ará ọjà ni Àyìnlá fi ṣe ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó ń pè ọ́, ó ń bú ọ, ó ń bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, o ò sì mọ ìgbà tó o máa bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Fetí sí ìlù Adéwọlé Oníluọlá lábẹ́ ohùn yẹn. Mo ti gbọ́ àwo yìí nígbà mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé Adéwọlé kì í tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Èsì ló ń fọ̀, nígbà míì ó ti ń fèsì kí Àyìnlá tó sọ̀rọ̀ tán. Lórí kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi dàgbà, ariwo kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1980 ni wọ́n pa Àyìnlá nílé ọtí kan l’Abẹ́òkúta, nínú ìjà tí kò yẹ kó gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Ìlà mẹ́tàdínlógún ni àwo náà ní nínú ìwé mi. Obey tí mo sanwó fún ò tíì dé títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

(Nítorí náà, fa àwo yọ kó o tó sanwó. Páálí àti àwo nílùú yìí, ẹni tó bá pàdé lọ́nà ló fẹ́ ara wọn.)

Haruna Ishola ló tẹ̀ lé e, Oroki Social Club, ọdún 1971. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà ti ní in, kó wà lára àwọn tó kàn tò síbẹ̀. Àwo yìí tà débi pé ilé àgbàlagbà tí o ò bá ti bá a lápá ibí, ẹnì kan ló yá a lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rà á látẹ̀yìnwá. Ohun tó bá pọ̀ lọ́jà, ojú wa kì í gbà á. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni mo san lé tèmi. Lẹ́yìn páálí rẹ̀, ẹnì kan ti fi bírò búlúù ṣírò ọtí òde kan: Star páálí mẹ́rin, Gulder méjì, mínírà márùn-ún. Mi ò ní nù ún kúrò láéláé.

Wàá rántí pé mo sọ pé orin kan ṣoṣo ló máa ń wà lójú 78. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Fún orin àwọn òyìnbó, ìyẹn tó. Fún àpàlà, oríkì ẹnì kan ò tíì dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ á fi kan àárín. Irú ìṣẹ́jú mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ni Haruna fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ HMV ní 1948, nígbà tó kọrin Orímolúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò tà. Ọdún 1955, lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, ló tó tún un ṣe, ìgbà yẹn làwọn èèyàn tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwo ńlá wá dé, tí ojú kan gba bí ogún ìṣẹ́jú, ó dà bíi pé wọ́n gbé àga fún un. Ìjókòó náà ló sì máa ń kọrin, àwọn onílù á yí i ká. Kò sí jìtá níbẹ̀. Àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù, àti ohùn tí kì í sáré. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aláfẹ́ kan l’Óṣogbo ló ń kì, èmi ò mọ ẹnì kankan nínú wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi máa pé ìdajì ojú kìíní, ó ti ń ṣe mí bíi pé èmi náà dá owó ẹgbẹ́. Bí o bá gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀ lórí fóònù, o ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìlà mọ́kàndínlógún.

Ìwọ bi mí pé kí ni mo rí lára wọn. Èyí ni mo rí: ogún ìṣẹ́jú tẹ́nì kankan ò já lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà olórin wa mọ ohun tí wọ́n ń fi ojú kan ṣe. Ìgbà tí a bá ń mú àwo bí ẹni ń mú ẹ̀pà, tá a gbé e, tá a gbé e kúrò, a ò ní mọ̀.

Ti Sunny Adé jẹ́ kí èyí túbọ̀ yé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà méjìlá péré ló ní. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní Juju Music, èyí tí iléeṣẹ́ Island gbé jáde ní 1982, tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Martin Meissonnier, bójú tó. Àwo dáadáa ni, orin méje ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, jìtá oníirin tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta sì ń rìn láàárín wọn bí ẹni tó wọ aṣọ funfun lọ síbi ayẹyẹ. Lọ́dún tó kọjá ni mo wá rí Synchro System Movement, ti 1976, tó jáde nílé níbí. Gbé méjèèjì síwájú ara wọn. Nínú ti ilé, orin ń bọ́ sínú orin, kò sí ibi tí wàá ti gbé abẹ́rẹ́ sókè. Àlejò ni wọ́n gé ti òkèèrè fún, ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí orin ti parí. Ti ilé, àwọn tó ń jó ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó ń jó ò sì fẹ́ kó parí. Mi ò sọ pé kó o má ra ti òkèèrè o. Mo kàn ní bí agbára rẹ bá ká ẹyọ kan, ra ti ilé.

Barrister. Mo fẹ́ ṣọ́ra níbí, torí Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1948, Ìbàdàn lèmi náà, ìdájọ́ mi ò lè tọ́. Fuji Garbage ni mo rà, 1988. Wo ìwé àárín rẹ̀: Siky-Oluyole ni orúkọ iléeṣẹ́ tó fi gbé e jáde, iléeṣẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Olúyọ̀lé! Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wéré, tó ń jí wa sí sààrì, tó lọ ṣe sójà tó sì padà dé, tó wo àwòrán òkè kan ní Japan tó sì fi orúkọ rẹ̀ sọ orin, ibi tó wá fi orúkọ iléeṣẹ́ sí ni ìlú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa fi mọ orin yìí, inú bọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀bù onírun, ilé ẹlẹ́ran. Ohun tí kásẹ́ẹ̀tì gbé mì, tí àwo bì sílẹ̀ fún mi, ni àwọn ìlù ìsàlẹ̀. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, kò sì sí èyí tó ń jà mọ́ èkejì lọ́wọ́. Àwo àwọn ọdún yẹn ti ń fẹ́lẹ́, wọ́n máa ń ká bí oòrùn bá kàn wọ́n díẹ̀. Tèmi ká létí, abẹ́rẹ́ máa ń gòkè-sọ̀kalẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi ní bí ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́. Mo ti mọ́ ọn lára. Ìlà mọ́kànlá.

Ẹ̀karùn-ún kì í ṣe orin, bí o bá fẹ́ bá mi jiyàn. Ewì Lánrewájú Adépọ̀jù ni. Rédíò Ìbàdàn ló sọ ohùn rẹ̀ di ohun tí gbogbo ilé mọ̀, nígbà tó sì yá, ó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Lanrad, ó ń gbé àwo ewì jáde. Oṣù Kejìlá 2023 ló fi ayé sílẹ̀. Mo ń jẹ́ra mi lẹ́bi díẹ̀ pé ó di ẹ̀yìn ìgbà yẹn kí n tó wá àwo rẹ̀ lójú méjèèjì. Àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, kí iná jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì tó bẹ̀rẹ̀, ni mo máa ń gbọ́ ọ. Bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ kan gùn, tó sì máa dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ èyí tó kàn, ìdákẹ́ yẹn ni mo ń dúró dè. Ìlà mẹ́rìnlá.

Ó sì kọ́ mi ní ọgbọ́n kan nípa àwo rírà. Ìlù máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, o ò ní gbọ́ páú-páú tí ojú àwo tó ha ń ta. Ohùn kan ṣoṣo tó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ kì í bo nǹkan kan. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ewì, ìjálá tàbí rárà lo fẹ́ rà, gbé e sójú oòrùn, kó o tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè sá kọjá lórí rẹ̀: àhá tí èékánná bá kọ́, fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ fújì, àhá díẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni. Tún wo etí ihò àárín. Bí àmì wíníwíní bá pọ̀ níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ èèrà, ẹni tó ni ín ti gbé e lé ẹ̀rọ níye ìgbà tí kò níye, lọ́pọ̀ ìgbà nínú òkùnkùn. Ìyẹn máa ń dẹ́rù bà mí nínú owó, ó sì máa ń wù mí nínú ọkàn.

Mo fi èyí tí mo fẹ́ràn jù pamọ́ sẹ́yìn.

Obìnrin àgbàlagbà kan ní àdúgbò tó súnmọ́ Ògùnpa ní kí n wá kó àwo ọkọ òun tó ti kú. Àwo mọ́kàndínlógún. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn ló ti so mọ́ páálí, páálí ti di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ti gbẹ. Ó ní omi ọdún 1980 ló wọlé bá wọn. Bí o ò bá tíì dáyé nígbà yẹn, béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ: ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún bo ilé, ó gbé èèyàn lọ, orúkọ ọdún yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn di Omíyalé. Wọ́n yọ àwo wọ̀nyí nínú omi, wọ́n sá wọn, wọ́n kó wọn sínú àpò, kò sẹ́ni tó tún ṣí wọn. Mo fẹ́ san owó fún un, ó kọ̀, ó ní kí n sáà gbọ́ wọn. (Mo fi nǹkan sílẹ̀ lábẹ́ àwo oúnjẹ tó gbé fún mi. Kò ṣeé ṣe kí n lọ lásán.)

Omi kì í pa ike. Ohun tó ń pa á ni iyanrìn tí omi gbé wọ ọ̀nà abẹ́rẹ́, tẹ́nì kan wá fi aṣọ gbígbẹ nù mọ́lẹ̀. Mo fi odindi àwo sínú agbada omi, yàtọ̀ sí àárín rẹ̀, mo jẹ́ kí ẹrẹ̀ rọ̀ fúnra rẹ̀, mo da omi yẹn nù, mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta kí n tó fi aṣọ kàn án. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo lò lé ẹyọ kan. Nínú mọ́kàndínlógún, mẹ́rin ló gbà. Tunde Nightingale ni ọ̀kan.

Ọmọ Ìbàdàn ni òun náà, 1922 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1981, ọdún kejì omi yẹn. Orúkọ ẹyẹ tó ń kọrin ni wọ́n fi ń pè é, kì í sì í ṣe àpọ́nlé lásán: ohùn rẹ̀ ga fíofío, imú ló gbà jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìlù gángan tí wọ́n fún un. Nígbà àkọ́kọ́ tó o bá gbọ́ ọ, o lè rò pé ẹ̀rọ rẹ ń yí sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi náà yẹ tèmi wò. Jùjú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní “Ṣó wà ńbẹ̀”, jùjú àwọn ọlọ́lá, kò yára, kò pariwo, jìtá ò jẹ gàba lé ẹnikẹ́ni lórí. Ìgbà tí Obey àti Sunny dé pẹ̀lú jìtá mẹ́ta, mẹ́rin, àwọn ọ̀dọ́ pa á tì. Mo gbà pé àdánù wa ni. Ìwé àárín àwo tèmi ti bó, mi ò lè ka àkọlé rẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹlòmíì tó ní i tí màá fi wé e. Etí mi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ojú kejì rẹ̀ ní ibì kan tí ẹrẹ̀ ò kúrò, ohùn rẹ̀ máa ń rì sínú rẹ̀ díẹ̀, ó sì máa ń jáde padà. Ìlà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo gbé e lọ fún màmá yẹn nínú kásẹ́ẹ̀tì, torí rédíò kásẹ́ẹ̀tì ló ṣì ń lò. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, èyí ló máa ń fi pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wálé.”

Wàyí o, ìwọ. Àwo mẹ́tàlélógójì, ojú mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún nìyẹn. Bí o bá gbọ́ ojú kan lálẹ́, kò ní tó oṣù mẹ́ta. Láàárín ìgbà náà, má ra nǹkan kan, bí wọ́n tilẹ̀ gbé e wá bá ọ lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù nínú yàrá kejì. Fa ìlà rẹ. Yí ká lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ní tìyẹn, èyí tó bá wù ọ́ nìkan. Èyí tí kò bá rí ìlà kejì lọ́dún yẹn, kì í ṣe pé kò dára, ilé ẹlòmíì ló ń gbé. Pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń wá a. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú mẹ́jọ nínú mọ́kànlá tèmi. Fẹlá yẹn ló kọ́kọ́ lọ, tayọ̀tayọ̀ lẹni tó gbà á fi gbé e, páálí rẹ̀ ló fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri. Sunny ti 1976 ni mo fi gbà níbẹ̀.

Àpótí bàbá rẹ ńkọ́? Bí o bá ti fi omi àti ọṣẹ nù wọ́n tán, tí wọ́n sì ti gbẹ, gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ irin ni wọ́n máa ń lò láyé wọn, ó sì máa ń jẹ àwo 78. Ibi tó bá ti jẹ ẹ́, dúdú rẹ̀ á ṣí, á máa ní àwọ̀ eérú. Wàá rí àwọn kan tó ṣì dúdú kirikiri, bàbá rẹ ò ráyè tiwọn. Wàá rí ọ̀kan tí ojú rẹ̀ ti di eérú láti etí dé àárín. Kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń gbọ́.